Àpáàdì Ifẹ̀ àti Táìsì Kétu: Ìtàn Ilẹ̀ Tí A Ń Tẹ̀

Àwọn àgbà ní àpáàdì ni ó tó ko iná lójú. Òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí nígbà tí ìṣáná kò tíì dé, àpáàdì ni ìyàwó ilé fi ń lọ gbé ẹyin iná láti ilé aládùúgbò wá sínú ààrò tirẹ̀. Òwe yìí yin àpáàdì. Ṣùgbọ́n bí a bá kúrò lórí òwe yìí, ẹ̀gàn ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń sọ nípa rẹ̀. Ìkòkò tí ó wúlò ní orúkọ: ìṣaasùn wà, orù wà, àmù wà. Bí ó ti wù kí wọ́n níyì tó, ọjọ́ tí wọ́n bá fọ́, àpáàdì ni gbogbo wọn ń jẹ́, ààtàn sì ni wọ́n ń rè. Nígbà tí èdè wa sì fẹ́ dárúkọ ibi tí ẹni burúkú ń lọ lẹ́yìn ikú, ọ̀run àpáàdì ni ó pè é.

Síbẹ̀, ìgbà kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí àpáàdì kúrò lórí ààtàn, tí ó wọ àgbàlá àwọn ọlọ́lá, tí ó sì wọ ojúbọ òrìṣà. Ìtàn ìgbà náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, nítorí mo rí i pé ó kan ilé tí olúkúlùkù wa ń gbé ju bí a ti rò lọ. Ọmọ Kétu ni mí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní Èkó. Èdè ni mo ń kọ́, n kò kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dàgbà sí àárín Ìkòsì àti Mile 12 kò lè ṣàìmọ ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé táìsì, nítorí kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan kì í kọ́lé tàbí tún ilé ṣe ní àdúgbò wa. Ìbéèrè tí ó mú mi kọ ìwé yìí kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni ó dé tí ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ní Ifẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 700 sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀, tí èyí tí a tẹ́ ní èṣí ní Kétu sì ti ń wú sókè?

Ìtàn Lúwo

Bí ẹ bá bi àwọn àgbà Ifẹ̀ léèrè ẹni tí ó tẹ́ àpáàdì sílẹ̀ ìlú wọn, orúkọ Lúwo ni ẹ óò gbọ́. Obìnrin ni Lúwo, ó sì jẹ Ọọ̀ni. Wọ́n ní oge ènìyàn ni, ó sì fẹ́ràn ìmọ́tótó púpọ̀. Ní ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, Lúwo jáde, ẹrẹ̀ sì ta sí i lẹ́sẹ̀ àti sí etí aṣọ. Inú bí i. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n fi àpáàdì àti òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́ gbogbo ọ̀nà ìlú, kí ẹrẹ̀ má baà tún ta sí òun mọ́. Àwọn mìíràn a máa fi kún un pé iṣẹ́ yìí ni ó fi ń jẹ àwọn arúfin níyà: ẹni tí ó bá ṣẹ̀, àpáàdì ni yóò lọ máa ṣà. Lúwo yìí kan náà ni ìtàn pè ní ìyá Adékọ́lá Tẹ̀lú, ẹni tí àwọn ará Ìwó ń pè ní baba ńlá àwọn ọba wọn.

Ìtàn náà dùn létí, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ tì. Lójú tèmi, ó bọ́gbọ́n mu pé obìnrin ni ìtàn fi iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́, nítorí ìkòkò mímọ jẹ́ iṣẹ́ obìnrin ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ẹni tí ó ni ìkòkò ni ó sì ni àpáàdì. Ó tún bọ́gbọ́n mu pé òjò ni ó fa ọ̀rọ̀ náà, nítorí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rìn lórí ilẹ̀ pupa Ifẹ̀ ní oṣù keje mọ ohun tí ojú aṣọ ń rí. Ṣùgbọ́n kí òpìtàn tó gba ìtàn àtẹnudẹ́nu tán pátápátá, ó yẹ kí ó bi ilẹ̀ fúnra rẹ̀ léèrè. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu ilẹ̀ náà.

Ohun tí ilẹ̀ jẹ́wọ́

Ní ọdún 1957, àwọn òṣìṣẹ́ kan ń tẹ́ ilẹ̀ ní Ìta Yemòó ní Ilé-Ifẹ̀ kí a lè kọ́lé sí i. Bí wọ́n ti ń wa ilẹ̀ ni wọ́n kan àwọn ère idẹ. Ọ̀kan nínú wọn ni ère tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, ti ọba àti aya rẹ̀ tí wọ́n kọ́ ara wọn lápá. Ọ̀gbẹ́ni Frank Willett ni ó wá wa ibẹ̀ wò bí awalẹ̀pìtàn ti ń ṣe é, ó sì tún padà wá lẹ́yìn náà. Ère ni ó mú kí àwọn oníròyìn sáré wá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ni Willett ń bá pàdé bí ó ti ń wa á lọ. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà ní Ìta Yemòó títí di òní lábẹ́ òrùlé tí a fi bò ó. Láti nǹkan bí ọdún 2015 sì ni Gérard Chouin àti Adisa Ogunfolakan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti tún padà sí ibẹ̀ láti yẹ iṣẹ́ Willett wò.

Lẹ́yìn Willett ni Peter Garlake dé. Ó wa ilẹ̀ Ọbalárá àti ti Wóyè Àṣírí, ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé ní ọdún 1974 àti 1977. Ohun tí Garlake ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé amọ̀ ni ògiri ilé àwọn baba wa, òjò a sì máa fọ amọ̀ lọ nígbà tí ilé bá di ahoro. Nítorí náà, kò sí ògiri kan tí ó dúró fún Garlake láti wọ̀n. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wà níbẹ̀. Ibi tí àpáàdì bá ti dáwọ́ dúró gan-an bí ẹni fi okùn lé e, ògiri ni ó ti wà níbẹ̀ rí. Ibi tí ó bá yí po bí agboolé, àgbàlá ni. Ibi tí ó bá tẹ̀ bí òṣùpá, ojúbọ ni ó lè jẹ́. Láti ara ilẹ̀ nìkan ni ó ti ya àwòrán ilé tí kò sí mọ́, bí ìgbà tí babaláwo ń wo ojú ọpọ́n tí ó ń sọ ohun tí kò sí lójú.

Ọjọ́ orí ilẹ̀ wọ̀nyí sì hàn. Nípa èédú tí a rí lára wọn, a mọ̀ pé nǹkan bí ọdún 1100 sí 1400 ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ti jẹ́, nígbà tí Ifẹ̀ ń rọ ère idẹ àti ère amọ̀ tí kò lẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Wọ́n rí àwọn àpáàdì kan tí a ti yí kùùkù àgbàdo lé lára nígbà tí amọ̀ wọn ṣì tutù, tí ojú kùùkù náà sì hàn kedere. Àgbàdo kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Láti Amẹ́ríkà ni ó ti wá, lẹ́yìn tí Columbus ti dé ibẹ̀ ní ọdún 1492. Willett fúnra rẹ̀ kọ̀wé lórí ọ̀ràn yìí ní ọdún 1962. Ilẹ̀ tí ojú kùùkù bá wà lára àpáàdì rẹ̀ kò lè dàgbà ju àgbàdo lọ.

Kí ni èyí wá sọ nípa Lúwo? Ó sọ pé ọba kan ṣoṣo kò lè ṣe iṣẹ́ yìí tán. Ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwọn ará Ifẹ̀ fi ń tẹ́ àpáàdì, wọ́n sì tẹ́ ẹ sí àgbàlá àti ojúbọ, kì í ṣe sí ọ̀nà nìkan. Bóyá Lúwo jọba ní àárín wọn, tí ó fi kún iṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ fi bo ti àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Orúkọ ẹni tí ó pàṣẹ ni ìtàn àtẹnudẹ́nu pa mọ́. Ìwọ̀n ọdún iṣẹ́ náà ni ilẹ̀ pa mọ́. A nílò méjèèjì.

Bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ

Ẹni tí kò bá rí ilẹ̀ àpáàdì rí lè rò pé ńṣe ni wọ́n da àpáàdì sílẹ̀ pẹrẹsẹ, bí a ti ń tẹ́ ẹní. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ mú ilẹ̀ náà dọ́gba, wọ́n sì gún un kí ó le. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń to àpáàdì ní òòró, etí kan wọlẹ̀, etí kejì wà lókè, ọ̀kan fara ti èkejì pẹ́kípẹ́kí bí eyín ti dúró nínú erìgì. Ìlà ìlà ni wọ́n ń tò ó. Níbòmíràn, ìlà kan a dagun sí ọ̀tún, èyí tí ó tẹ̀ lé e a dagun sí òsì, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dà bí egungun ẹja. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, òkúta funfun wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi la àárín àwọn ìlà náà, kí funfun lè yọ lára pupa. A sì rí ibi tí wọ́n ri ọrùn ìkòkò mọ́ àárín ilẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ṣí sókè, bí ibi tí a ó máa ta nǹkan sí fún òrìṣà.

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí ọgbọ́n inú èyí. Àpáàdì tí a bá dà bolẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ni yóò fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá dúró ní òòró, ẹrù tí ó bá gun orí rẹ̀ yóò gba ara rẹ̀ kọjá lọ sínú ilẹ̀. Ohun tí ojú ń rí lókè kò ju etí tín-ín-rín lọ, gbogbo ìyókù ara rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tí ó ń di ilẹ̀ mú. Àlàfo tí ó wà láàárín ọ̀kan àti èkejì kéré, erùpẹ̀ tí a gún sì ti kún un, nítorí náà ọ̀kan kò lè mì kí ó má kan èkejì. Àpáàdì fúnra rẹ̀ sì ti la iná kọjá, kò sí ohun tí òjò tún lè fi ṣe mọ́. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun mẹ́ta ni ó mú ilẹ̀ Ifẹ̀ dúró: ohun tí ó wà nísàlẹ̀, ohun tí ó wà láàárín, àti ohun tí ó wà lókè. Èyí tí ó wà lókè ni ó kẹ́yìn.

Àwọn mìíràn tí ó ṣe irú rẹ̀

A kò gbọdọ̀ sọ pé Ifẹ̀ nìkan ni ó gbọ́n ní ayé. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ a máa to bíríkì kéékèèké ní òòró lọ́nà kan náà tí mo júwe yìí. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i pé orúkọ tí wọ́n fún un ní èdè Látìn wá láti ara ṣírí ọkà, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ní egungun ẹja ni òun rí níbẹ̀. Olúkúlùkù fi ohun tí ó ń jẹ sọ ilẹ̀ lórúkọ. Àwọn ará Róòmù kan náà a tún máa lọ àpáàdì kúnná, wọn a pò ó mọ́ ẹfun tí a sun, wọn a sì fi tẹ́ ilẹ̀ tí omi kò ní lè tètè wọ̀.

Ní Áfíríkà níhìn-ín náà, Graham Connah rí ilẹ̀ àpáàdì ní Daima ní ilẹ̀ Bọ̀rọ̀nú. Ní orílẹ̀-èdè Benin, Anne Haour àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní Birnin Lafiya lẹ́bàá odò Ọya. Wọ́n rí i ní Ìbíní, wọ́n sì rí i ní ilẹ̀ Tógò. A kò tíì lè sọ pé ẹni báyìí ni ó kọ́ ẹni báyìí. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé ibi tí amọ̀ bá wà, tí òjò bá wà, tí obìnrin sì ń mọ ìkòkò, ọgbọ́n yìí lè hù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ifẹ̀ ni ó fi ṣe ẹwà tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì tẹ́ ẹ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí àwọn awalẹ̀pìtàn fi ń ka ìgbà náà sí ìgbà àpáàdì títẹ́.

Bí táìsì ṣe dé Èkó

Nígbà tí ọ̀làjú àpáàdì yìí ti kásẹ̀ nílẹ̀, ilẹ̀ amọ̀ ni a padà sí. A gún un, a fi ìgbẹ́ màlúù pò mọ́ omi pa á, ó sì ń tutù lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ náà dára, ṣùgbọ́n a ní láti máa pa á lemọ́lemọ́, iṣẹ́ àwọn ìyá wa sì ni.

Ní Èkó, ìyípadà dé láti òkè òkun. Àwọn Agudà, ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì, bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé, pàápàá lẹ́yìn rògbòdìyàn àwọn Mùsùlùmí ẹrú ní Bahia ní ọdún 1835. Wọ́n mú iṣẹ́ ọwọ́ bọ̀: káfíńtà ni àwọn kan, bíríkìlà ni àwọn mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ni ó kọ́ Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894. Táìsì aláwọ̀ mèremère wà lára ìkọ́lé náà títí di òní. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Potogí ń lò fún irú táìsì bẹ́ẹ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni wọ́n ti yá a, òkúta dídán ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwa yá wá láti inú Látìn, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí bíbò, nítorí òrùlé ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń bò. Nígbà tí ó dé ẹnu wa, a kò mú ẹyọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni a mú, tí a fi ń sọ pé “táìsì kan” láìbìkítà. Ọ̀rọ̀ ti rìn láti orí òrùlé wá sí ilẹ̀, àwa sì tún un bí.

Ohun tí ó sọ iṣẹ́ yìí di ti gbogbo ènìyàn ni sìmẹ́ǹtì. Joseph Aspdin ni ó gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1824. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Ewékorò bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní ọdún 1960, a kò tún ní láti máa dúró de ọkọ̀ ojú omi nìkan mọ́. Nígbà náà ni tẹ́rásò gbilẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tí a pò mọ́ sìmẹ́ǹtì, tí a sì fi ẹ̀rọ lọ̀ títí ó fi dán, ni tẹ́rásò. Àwọn ará Venice ní Ítálì ni ó kọ́kọ́ fi àjákù òkúta mábù ṣe é. Ẹ wò ó bí ó ti jọ ti Ifẹ̀: ohun tí a ìbá dà nù ni a tún sọ di ilẹ̀ ọlọ́lá. Àkísà aṣọ ni a fi ń ṣe òṣùká. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ sí Èkó àti Ìbàdàn nígbà náà ṣì ní tẹ́rásò tí kò sán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni táìsì wá gba ipò, láti òkèèrè ní àkọ́kọ́, àti lónìí láti àwọn ilé iṣẹ́ tí ó wà ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú, bí irú èyí tí ó wà ní Ìgbẹ́sà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ọ̀ràn Kétu

Ilẹ̀ tiwa ní Kòsọ́fẹ́ kì í ṣe ilẹ̀ gbígbẹ. Odò Ògùn kò jìnnà sí wa, bí omi ìsédò Ọyán tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983 bá sì kún, tí wọ́n sì tú u sílẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni ó ń gbà kọjá. Ní ọdún 2010, omi bo ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè Mile 12 àti Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Kódà bí omi kò bá wọlé, ọ̀rinrin a máa gòkè láti inú ilẹ̀. Ẹni tí yóò tẹ́ ilẹ̀ ní irú ibẹ̀, ó yẹ kí ó rò ó ju ẹlòmíràn lọ.

Mo rí àpẹẹrẹ rẹ̀ ní ilé wa. Bàbá mi ra táìsì tí ó ń dán bí jígí. Ẹni tí ó gba iṣẹ́ náà fi sìmẹ́ǹtì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀yìn táìsì kọ̀ọ̀kan àti sí àárín rẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀ lófo. Ó to wọn mọ́ra láìfi àlàfo kankan sílẹ̀, ó sì fi wọ́n há mọ́ ògiri. Ó yára, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Kò pé ọdún méjì, ní ọ̀sán gangan, a gbọ́ ìró kan bí ìbọn. Nígbà tí a sáré dé pálọ̀, táìsì ti gbé ara wọn sókè bí ẹni pa àgọ́. Ooru ti mú wọn fẹ̀, wọn kò rí ibi yà sí, ẹ̀yìn wọn kò sì di ilẹ̀ mú.

Ọ̀gá mìíràn tí a pè láti Ìkòsì, ọkùnrin tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, fi èékánná kan ilẹ̀ kiri yàrá, ó ń tẹ́tí. Ibi tí ó bá dún gbọ̀ngbọ̀n, ó ní òfìfo ni. Ó wá bọ́ táìsì kan, ó dojú rẹ̀ dé, ó sì wí fún bàbá mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Táìsì ni ẹ rà, ẹ kò ra ilẹ̀.”

N kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó ṣàlàyé Ifẹ̀ fún mi jù èyí lọ. Láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá náà ni mo ti kọ́ àwọn ohun tí mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí, kí ẹni tí ó fẹ́ tún ilé ṣe lè rí nǹkan dì mú.

Èkíní, ohun tí ó wà nísàlẹ̀. Kí ilẹ̀ dọ́gba, kí ó le, kí ó sì gbẹ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ní balùwẹ̀, kí ó dagun díẹ̀ sí ibi tí omi yóò gbà jáde. Kí sìmẹ́ǹtì tàbí gọ́ọ̀mù táìsì kárí gbogbo ẹ̀yìn táìsì, kì í ṣe igun nìkan.

Èkejì, ohun tí ó wà lókè. Táìsì ògiri kì í ṣe táìsì ilẹ̀, bí àwòrán wọn tilẹ̀ jọra. Ẹ da omi díẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ wò ó. Èyí tí wọ́n sun dáadáa tí wọ́n ń pè ní pọ́sílénì, bí ó bá wọn gíráàmù 1000, omi tí yóò mu kò ju gíráàmù 5 lọ. Ti ògiri mìíràn lè mu ju 100 lọ. Fún ibi tí omi ń dé, èyí tí ojú rẹ̀ há díẹ̀ ni kí ẹ mú, kì í ṣe èyí tí ń dán, nítorí orí dídán ni àgbàlagbà ti ń ṣubú. Kí ẹ wo nọ́ńbà tí ó wà lára páálí, kí gbogbo rẹ̀ bára mu, nítorí àwọ̀ àti ìwọ̀n lè yàtọ̀ láti ìgbà kan tí wọ́n sun ún sí òmíràn. Ẹ rà á lé díẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ìyókù.

Ẹ̀kẹta, ohun tí ó wà láàárín, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bèèrè. Àwọn oníṣẹ́ ń pè é ní gráùtì, àwọn mìíràn a sì máa lo sìmẹ́ǹtì funfun. Ẹ fi àlàfo bíi mìlímítà 3 sílẹ̀ láàárín táìsì, kí ẹ sì fi díẹ̀ sílẹ̀ ní ìdí ògiri níbi tí pákó tàbí táìsì ìdí ògiri yóò bò ó. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi di ọjọ́ kejì. Kí gráùtì má ṣàn bí ọbẹ̀ tí omi pọ̀ jù, nítorí omi àpọ̀jù ni ó ń sọ ọ́ di ẹ̀tù lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ẹ fi rọ́bà tẹ̀ ẹ́ wọlé títí yóò fi kún dé ìsàlẹ̀, ẹ fi kànrìnkàn tí a fún gbẹ nù ún ní ìdábùú, kì í ṣe lójú ìlà, kí ẹ má baà gbẹ́ ẹ jáde. Àwọ̀ eérú dára ju funfun lọ fún ilẹ̀ tí ènìyàn ń gbà kọjá.

Bí a bá ní owó díẹ̀, kí a dín dídán táìsì kù kí a sì fi owó náà sí ìsàlẹ̀ àti àárín. Ohun tí àwọn ará Ifẹ̀ ṣe nìyẹn. Ohun tí kò ní láárí rárá ni wọ́n tẹ́ sókè, iṣẹ́ gidi ni wọ́n fi sí ìdí rẹ̀.

Ohun tí ó wà nínú ewu

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ni ó sì ká mi lára jù. Nígbà tí mo lọ sí Ifẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá, mo rí ọ̀nà kan tí kò ní ọ̀dà, tí òjò ti gbẹ́. Etí àpáàdì yọ lójú ọ̀nà náà ní ìlà ìlà, ọ̀kadà sì ń gorí rẹ̀ kọjá. Nítòsí ibẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Nínú erùpẹ̀ tí wọ́n kó jáde ni àpáàdì wà, tí ó ti tú ká, pẹ̀lú òkúta funfun wẹ́wẹ́. Kò pẹ́ tí wọn yóò fi da kọnkéré síbẹ̀, tí wọn yóò sì fi táìsì tẹ́ ẹ.

N kò dá onílé lẹ́bi. Ilẹ̀ ni ó rà, ilé ni ó sì fẹ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa Garlake. Ògiri àwọn baba wa ti wó, a kò sì ní ìwé tí wọ́n kọ. Àwòrán ilé wọn, ibi tí wọ́n jókòó sí, ibi tí wọ́n kúnlẹ̀ sí, inú ilẹ̀ àpáàdì nìkan ni ó wà. Àpáàdì kan ṣoṣo kò sọ ohunkóhun. Títò tí wọ́n tò ó ni ìtàn. Nígbà tí ṣọ́bìrì bá ti tú u, a lè kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kí ẹyọ kan má sọnù, síbẹ̀ ìtàn náà ti lọ. Omi ti dànù, agbè sì ti fọ́.

Òfin wà lórí rẹ̀. Láti ọdún 1953 ni ìjọba ti ṣe òfin lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, òfin 77 ti ọdún 1979 sì fi í lé àjọ tí ń ṣe àkóso ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dúró sí ẹnu gbogbo kòtò tí a ń gbẹ́ ní Ifẹ̀. Ẹni tí ó di ṣọ́bìrì mú ni ó lè dúró síbẹ̀, bí ó bá mọ ohun tí ó ń wò. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ jẹ́ ọmọ Ifẹ̀, tàbí tí ẹ ní ẹbí tí ń kọ́lé níbẹ̀ àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, ẹ sọ fún wọn nílé. Bí wọ́n bá kan àpáàdì tí ó dúró ní òòró ní ìlà ìlà, kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró ná, kí wọ́n sì ránṣẹ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ilé-Ifẹ̀ kí ẹnìkan wá yàwòrán rẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ni yóò gbà lọ́wọ́ wọn nínú ọdún tí wọn yóò fi kọ́ ilé náà.

Ní ti àwa ará Kétu tí a kò ní àpáàdì Lúwo lábẹ́ ilé wa, ẹ̀kọ́ tiwa wà nínú ilẹ̀ tí a ń tẹ́. Nígbà tí a bá tún lọ sí ìsọ̀ táìsì, tí ọlọ́jà sì ń fi dídán rẹ̀ hàn wá, kí a bèèrè ohun tí yóò wà lábẹ́ rẹ̀ àti ohun tí yóò wà láàárín rẹ̀ kí a tó na owó.